ẸGBẸ́ ALÁTAKÒ ÀTI ÀBÁDÒFIN: KÍ NI Ó YẸ KÍ OBÌNRIN ỌJÀ BÈÈRÈ?

 

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ìpolongo fún ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ẹgbẹ́ ọjà wa kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi ra ata lọ́wọ́ wa kò yàtọ̀ sí owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kejì fi rà á. Ṣùgbọ́n a ti rí nǹkan kan tí kò dára láàrin wa. Bí rédíò bá ti sọ pé ẹgbẹ́ báyìí ta ko àbádòfin báyìí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ojú ẹsẹ̀ ni ọjà ń pín sí méjì. Àwọn kan á ní, "Ọ̀tá mẹ̀kúnnù ni wọ́n." Àwọn kejì á ní, "Wọ́n gbà wá sílẹ̀." Bí ẹ bá wá bèèrè pé kí ló wà nínú àbádòfin náà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí àbádòfin ṣe ń rìn, ká wo ohun tí ojú àwọn ìyá wa rí nílẹ̀ yìí ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ká wá mú ìbéèrè mẹ́rin jáde nínú rẹ̀ tí a ó máa lò.

1. BÍ ÀBÁDÒFIN ṢE Ń DI ÒFIN

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe èlùbọ́. A ó bẹ iṣu, a ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, a ó sá a sórí àpáta títí yóò fi gbẹ, kó tó lọ sí ẹ̀rọ. Nígbà tó bá ṣì wà lórí àpáta, ẹ lè ṣa èyí tó rà kúrò. Tí ẹ̀rọ bá ti lọ̀ ọ́ tán, ta ló lè ṣà á mọ́?

Bí àbádòfin ṣe rí náà nìyẹn. Ìwé lásán ni lákọ̀ọ́kọ́. Gómìnà lè gbé e wá, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ sì lè gbé e wá. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kíní kí ilé lè mọ̀ pé ó dé. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á sì jiyàn lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń fi í lé ìgbìmọ̀ kékeré lọ́wọ́ láti yẹ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè pe ará ìlú kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Ìgbà tó wà lórí àpáta nìyí o. Bí wọ́n bá ti kà á lẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n fọwọ́ sí i, tí gómìnà náà sì fọwọ́ sí i, ó ti di òfin. Ó ti di èlùbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá ka iye orí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọmọ ilé 32. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ti pé, ilé lè jókòó ṣiṣẹ́. Èyí jẹ́ ènìyàn 11. Bí 11 bá jókòó, tí 6 nínú wọn sì sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni", àbádòfin gbogbogbòò lè kọjá. Ènìyàn mẹ́fà, fún gbogbo ìpínlẹ̀! Gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀. Bí ó bá kọ̀, ilé lè tún un gbé kalẹ̀. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn 22 nínú 32, bá gbà á, ó di òfin láìsí ọwọ́ gómìnà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ alátakò wà nínú ìrìn àjò yìí. Àwọn ni wọn kò ní ìjọba lọ́wọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti bèèrè, láti tú ìwé wò, láti ké gbàjarè. Nínú wọn ni a ti ń rí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà, tí kò fẹ́ kí ayé àtijọ́ bàjẹ́. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbà wá lọ́wọ́ ewu, ó sì lè di wá lọ́nà. Báwo la ó ṣe mọ èyí tó ń ṣe? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn.

2. ÌTÀN ṢÍLÈ MẸ́WÀÁ ÀÀBỌ̀

Ní 1952 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tí ará ìlú yàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Action Group, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ló ń ṣèjọba. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni aṣáájú wọn. Ẹgbẹ́ NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ, ni alátakò. Nígbà yẹn, Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn wà lábẹ́ ẹkùn Ọ̀yọ́, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa.

Nǹkan ńlá méjì ni ìjọba náà gbé wá. Àkọ́kọ́ ni òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1952. Òfin yìí sọ pé ará ìlú ni yóò máa dìbò yan ọ̀pọ̀ jù nínú ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú, ìjòyè kò sì ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ìkejì ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí Olóyè S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé síwájú ilé ní oṣù Keje 1952. Wọ́n ní ọdún 1955 ni yóò bẹ̀rẹ̀. Láti rówó rẹ̀, wọ́n fi ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ kún owó orí, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera.

Ibẹ̀ ni gbẹgẹdẹ ti gbiná. Ní Ọ̀yọ́, Ẹgbẹ́ Ọ̀yọ́ Paràpọ̀ dúró ti Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì. Ní Ìbàdàn, Adégòkè Adélabú àti àwọn mógàjí dá ẹgbẹ́ Máboláje sílẹ̀ ní 1954. Orúkọ náà ti sọ ohun tí wọ́n ń wá: kí ẹnikẹ́ni má ba ọlá àwọn àgbà jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ méjèèjì yìí so mọ́ NCNC. NCNC fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí ayé dúró sójú kan, ṣùgbọ́n nílé níbí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ dáàbò bo ipò ọba àti ìjòyè sá sí.

Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ẹjọ́ rò. Ṣáájú ọdún 1955 ni wọ́n ti ń gba owó, ilé ìwé kò sì tíì ṣí. Ta ni nínú wa tó máa ń sanwó ọjà tí kò tíì rí, tí ọkọ̀ kò tíì já? Àwọn àgbẹ̀ sì ń bẹ̀rù: bí ọmọ bá lọ ilé ìwé, ta ni yóò lé ẹyẹ lóko bàbà, ta ni yóò bá bàbá rẹ̀ kọ ebè? Ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ kì í ṣe owó kékeré. Lóòótọ́, ọkùnrin ni wọ́n ń bù ú fún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ibi tí owó orí ọkọ ti ń wá nígbà tí ọjọ́ bá pé. Abẹ́ ìtẹ́ ọjà ìyàwó ni.

Nígbà tí wọ́n dìbò fún ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn fi ìbínú hàn. Nínú ìjókòó 42 tó jẹ́ ti ẹkùn wa, NCNC mú 23. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ló pàdánù nílé ara rẹ̀. Owó orí wà lára ohun tó fà á.

Síbẹ̀ ìjọba kò yí padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ilé ìwé ọ̀fẹ́ ṣí. Ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́jọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 456,600. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Láàrin ọdún kan péré, ó lé ní 350,000 ọmọ tó kún wọn! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọmọbìnrin tí ẹnikẹ́ni kì bá tí san owó ilé ìwé fún, torí pé ọmọkùnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú.

Nígbà tí ó di 1956 tí wọ́n dìbò fún ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, Ọlọ́pẹ mú 48 nínú 80, Alákùkọ mú 32. Adélabú di olórí àwọn alátakò nínú ilé, títí tí ìjàǹbá ọkọ̀ fi pa á ní oṣù Kẹta 1958.

3. ALÁTAKÒ NÍHÌN-ÍN, ÌJỌBA LỌ́HÙN-ÚN

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. NCNC tó ta ko owó ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, òun náà ló ń ṣèjọba ní Ìlà-Oòrùn. Àwọn náà fẹ́ kí ọmọ tiwọn kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1957. Owó kò tó. Nígbà tí ó fi di 1958, wọ́n ti dá owó ilé ìwé padà fún àwọn kíláàsì kan. Ta ló jáde síta láti fi ẹ̀hónú hàn? Àwọn obìnrin ni. Àwọn ìyá Ìlà-Oòrùn kún ìgboro torí pé wọ́n ti ṣèlérí fún wọn, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ wọn padà.

Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé, nígbà tí wọ́n wà nípò alátakò, wọ́n lè sọ pé owó yìí pọ̀ jù. Nígbà tí ìjọba dé ọwọ́ wọn, wọ́n rí i pé kò sí bí a ṣe ń ṣe ọbẹ̀ láìsí owó ata. Alátakò tó bá sọ pé "a ò gbà" nìkan, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ìdajì tó kù ni kó sọ ibi tí yóò ti rówó tirẹ̀.

Ẹ sì má gbàgbé ìhà kejì. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn alátakò kì í ṣe òfo gbogbo rẹ̀. Ọmọ pọ̀, tíṣà kò tó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíṣà kò sì tíì kọ́ṣẹ́ náà dáadáa. Ní 1961, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lábẹ́ Olóyè Banjo jábọ̀ pé ẹ̀kọ́ ń jó rẹ̀yìn ní àwọn ilé ìwé. Ká ní àwọn méjèèjì ti jókòó sọ ọ̀rọ̀ tíṣà dípò kí wọ́n máa bú ara wọn, bóyá àwọn ọmọ ì bá jèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

4. NÍGBÀ TÍ ÀTAKÒ BÁ DI ÌJÀ

Ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ìwé òfin. Ó di ìjà láàrin Aláàfin àti àwọn aṣáájú Action Group nínú ìgbìmọ̀, tí Olóyè Bode Thomas jẹ́ ọ̀gá wọn títí tó fi kú ní oṣù Kọkànlá 1953. Ní oṣù Kẹsàn-án 1954, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì kọlu ara wọn nígboro, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìjọba mú Aláàfin kúrò nílùú. Kò padà sórí ìtẹ́ mọ́, ó sì kú ní 1960. Ní 1970 ni wọ́n fi ọmọ rẹ̀, Làmídì Adéyẹmí Kẹta, jọba.

Ẹgbẹ́ tó ní òun ń dáàbò bo ọlá ọba pàdánù ọba náà. Ẹgbẹ́ tó ní òun ń mú ìlọsíwájú wá fi ọgbẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tí kò tètè jinná. Bí òkò bá ti ń fò, kò sẹ́ni tó ń patẹ. Ọjọ́ tí ìlú bá dàrú, ọjà ni ó kọ́kọ́ ń tú.

5. IYE ORÍ LÓ Ń SỌ AGBÁRA

Ẹ jẹ́ ká fò wá sí 1979. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà tóbi; Ọ̀ṣun wà nínú rẹ̀. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jẹ́ 126. UPN, ẹgbẹ́ oníná, mú 117. NPN, ẹgbẹ́ onílé àti àgbàdo, mú 9. Olóyè Bọ́lá Ìgè ni gómìnà. UPN ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. NPN, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ ìyípadà òjijì, ní ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ojúlówó lòun fẹ́. Ènìyàn 9 kò lè dá àbádòfin kankan dúró láàrin 126. Ohun kan tí wọ́n ní ni ẹnu. Bí alátakò bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ará ìlú fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ la ojú, torí kò sẹ́ni tó lè di ìjọba lọ́wọ́ mú nínú ilé.

Ní Kàdúná, nǹkan dojú rú. Lọ́dún 1979 kan náà, Alhaji Balarabe Musa ti ẹgbẹ́ PRP wọlé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, ṣùgbọ́n NPN ló pọ̀ jù nínú ilé ìgbìmọ̀. Gómìnà fẹ́ gbé ẹrù kúrò lórí tálákà, títí kan owó orí àti owó màlúù. Ilé kò gbà fún un láti yan kọmíṣọ́nà. Nínú àtakò yẹn ni wọ́n wà títí di ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 1981, tí ilé yọ ọ́ nípò. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò tíì lo ọdún méjì.

Ẹ rí i bí ó ti rí. Alátakò tó kéré jù kò lè dáàbò bò wá. Alátakò tó ní agbára jù, tí kò sì fẹ́ kí ìjọba rìn, lè mú kí gbogbo nǹkan dúró.

6. ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ìbéèrè mẹ́rin la mú jáde. Ẹ kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé gbèsè yín.

Èkíní: Kí ló wà nínú ìwé náà gan-an? Kì í ṣe ohun tí rédíò sọ, kì í ṣe ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú sọ. Ìwé náà ńkọ́?

Èkejì: Ta ni yóò sanwó rẹ̀, nígbà wo? Ṣé a ó san kí a tó rí i ni, bíi ti ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀, àbí lẹ́yìn tí a bá rí i? Bí ó bá jẹ́ pé a ó kọ́kọ́ san, kí ni yóò dá wa lójú?

Ẹ̀kẹta: Kí ni àwọn alátakò gbé wá dípò rẹ̀? Bí wọ́n bá ní owó náà pọ̀, èló ni wọ́n rò pé ó tó? Bí wọ́n bá ní ètò náà kò dára, tiwọn dà?

Ẹ̀kẹrin: Bí nǹkan bá wà bó ṣe wà, ta ló ń jèrè? Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí ayé dúró sójú kan, ó lè jẹ́ pé ohun rere ló ń tọ́jú. Ó sì lè jẹ́ pé àǹfààní ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Ní 1955, bí nǹkan bá wà bó ṣe wà, ọmọ olówó nìkan ni yóò máa kàwé. Èyí ló jẹ́ kí àtakò ìgbà yẹn tẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n sọ.

Bí ẹ bá bi ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ bi alátakò pẹ̀lú. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ bọ́ nínú rẹ̀.

7. OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ìbàdàn jìn sí wa, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni Òkè-Ògùn ní, a sì ní àwọn ọmọ wa nínú ilé ìgbìmọ̀ l'Ágodi. A wá ìbò wọn fún wọn, ẹ jẹ́ ká rán wọn níṣẹ́.

Kí ọjà kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì: ọ̀kan tó mọ̀wé kà, ọ̀kan tó mọ òwò. Bí a bá gbọ́ pé àbádòfin kan dé tó kan ọjà, ọ̀nà, owó orí, ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn, kí àwọn méjì yìí lọ sọ́dọ̀ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ wa, kí wọ́n gba ìwé náà. Kí wọ́n kà á ní Yorùbá nípàdé. Kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Kí a kọ lẹ́tà, kí ìyálọ́jà fọwọ́ sí i, kó sì dé Agodi kí wọ́n tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà tí iṣu ṣì wà lórí àpáta nìyẹn.

Pé a ń bèèrè ọ̀rọ̀ kò sọ wá di ọ̀tá ìjọba. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ lè kà á, ilé ìwé tí kò gba owó lọ́wọ́ òbí wa ló kọ́ wa. Àwọn kan ló jà fún un, àwọn kan ló ta kò ó, àwọn ìyá wa ló sì bá ọkọ wọn wá owó rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tó wá owó nìkan ni ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ohun tí wọ́n rò. Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ
(a) Ènìyàn mélòó ló lè sọ àbádòfin di òfin bí ilé bá jókòó ní ènìyàn 11?
(b) Kí ló dé tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn bínú dìbò ní 1954, tí wọ́n sì padà sẹ́yìn ìjọba ní 1956?
(d) Kí ni ìyàtọ̀ láàrin alátakò tó ń ṣa iṣu tó rà kúrò àti èyí tó ń da gbogbo iṣu nù?
(e) Ta ni àwọn méjì tí ọjà tiyín yóò yàn?

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọjà ó tà, kí ó sì bùkún ọmọ wa. Ó di ìwé mìíràn.